Irin gbígbé kì í ṣe aṣọ ẹbí: Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn onílé-jíìmù Ṣàngó

Ká sọ pé télọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó sanra wá, ìwọ̀n yẹn ló fi gé aṣọ fún un. Ẹni tó tín-ín-rín wá, ìwọ̀n yẹn náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá àti bàbá ẹni àádọ́ta ọdún, ìwọ̀n kan náà ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé kò ní í pẹ́ tí télọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣòwò ilé eré ìdárayá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní jíìmù, ṣe ń ṣòwò wọn nìyí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó wọlé, wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kó máa ti irin sókè látàyà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní kó dìde, kó máa fi apá ká irin mìíràn. Ó parí. Agbábọ́ọ̀lù tó wá, apá ló ń ká. Ẹni tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà, apá ló ń ká. Ẹni tó ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́, apá náà ni. Nígbà tó bá di oṣù kejì, àwọn oníbàárà wọ̀nyí á rí i pé apá àwọn ti wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré tí àwọn tìtorí ẹ̀ wá kò sunwọ̀n sí i. Wọn kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kàn máa dẹ́kun wíwá ni.

Ṣàngó tí mò ń wí yìí, ti Ìlọrin ni o, kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí ti Ọ̀tà. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ló wà, ọ̀nà tó ń gbé èèyàn lọ sí Kwara Poly àti ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Òsé. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn: akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, àti àwọn tó ń múra láti wọ iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá. Èrò tèmi ni pé òwò ńlá ló ń gba iwájú àwọn onílé-jíìmù wa kọjá lójoojúmọ́ tí wọn kò rí i mú, àti pé kì í ṣe àwọn nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Wẹ́dà, káfíńtà, ẹlẹ́yin àti oníwàrà, gbogbo wọn ló ní ìpín níbẹ̀.

Okun yàtọ̀ sí agbára òjijì

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ là sọ́tọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50kg ni. Ẹ wo àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì nínú tírélà. Ọ̀kan nínú wọn á gbé àpò kan rù, á máa rọra lọ títí tó fi máa dé inú ṣọ́ọ̀bù. Okun nìyẹn. Ẹlòmíì á ki àpò náà mọ́lẹ̀, á sì fì í sókè sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìyẹn kì í ṣe okun nìkan mọ́, agbára òjijì ti wọ̀ ọ́. Okun ni bí ẹrù téèyàn lè gbé ṣe wúwo tó. Agbára òjijì ni bí okun náà ṣe yára jáde tó nígbà téèyàn bá fẹ́ lò ó.

Nínú eré ìdárayá, ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ ẹni tó máa borí. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n pé iṣan èèyàn máa ń nílò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, nígbà mìíràn ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lè tú gbogbo okun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá eré àsápajúdé kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ lórí ilẹ̀ kó tó tún gbéra. Ìyẹn ni pé ẹni tó lókun bí erin, tí okun rẹ̀ kò sì tètè jáde, ẹlòmíì á ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí okun náà tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yára ṣùgbọ́n tí kò lókun rárá kò rí nǹkan kan tú jáde. Àwọn méjèèjì ló nílò ara wọn. Okun la máa ń kọ́kọ́ kọ́ bí ìpìlẹ̀ ilé, kí a tó gbé agbára òjijì lé e lórí.

Bí a ṣe ń kọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ okun, irin tó wúwo ló máa gbé, kó gbé e lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó tún gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ agbára òjijì, nǹkan tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa lò, tàbí kó fi ara rẹ̀ nìkan fò, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yára, kó sì dúró ní kété tí ara rẹ̀ bá ti ń falẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ara òun wú ni ó ń gbé irin àárín lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láìsinmi púpọ̀. Ọ̀nà kẹta yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ jíìmù wa mọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn wá rà nìyẹn.

Àwọn kóòṣì kan ṣì wà láàárín wa tó gbà pé irin gbígbé máa ń mú kí agbábọ́ọ̀lù le gbagidi, kó sì máa falẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1969, nígbà tí Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Boyd Epley pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù wọn ní irin gbígbé, ọ̀gá àgbà àwọn kóòṣì níbẹ̀, Bob Devaney, kìlọ̀ fún un pé bí ẹnì kan péré bá falẹ̀ sí i, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó falẹ̀. Ní ọdún 1970 àti 1971, ẹgbẹ́ náà ló gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lónìí, ó ṣòro láti rí ẹgbẹ́ ńlá kan tí kò ní olùkọ́ irin tirẹ̀. Iṣẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ tó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

Eré kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bọ́ọ̀lù, torí òun ló pọ̀ jù nílùú wa. Kwara United ń bẹ ní Ìlọrin, àwọn ló gba ife ẹ̀yẹ President Federation Cup lọ́dún 2025. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ kéékèèké wà káàkiri àdúgbò. Ohun tó máa ń ṣe agbábọ́ọ̀lù ní jàǹbá jù ni iṣan ẹ̀yìn itan tó máa ń já nígbà tó bá ń sáré tete. Ohun tó sì lè dènà rẹ̀ kò gba owó: kí ọmọ náà kúnlẹ̀, kí ẹnì kejì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, kó wá máa rọra ṣubú síwájú, kó fi itan kó ara rẹ̀ ró títí apá rẹ̀ kò fi ní í ká a mọ́. Ìwádìí lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi hàn pé àwọn tó ń ṣe é déédéé, jàǹbá iṣan yìí dín kù láàárín wọn sí nǹkan bí ìlàjì.

FIFA náà gbé ètò kan jáde lọ́dún 2006 tí wọ́n pè ní 11+. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì, kò sì nílò irin kankan. Nígbà tí wọ́n dán an wò láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Norway, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 13 sí 17, tí ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e jáde lọ́dún 2008, jàǹbá wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ọ̀fẹ́ ni ètò yìí. Onílé-jíìmù tó bá kọ́ ọ, tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ti ní ọjà tó lè gbé dé ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù èyíkéyìí.

Nígbà tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ agbára nínú bọ́ọ̀lù, ọmọ Kwárà ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá, ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa pẹ̀lú Bulgaria ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 1994. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára pápá ìṣeré Ìlọrin títí dòní. Ẹni tó bá rí i nígbà ayé rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe apá ló fi ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ìbàdí àti itan tó lókun, tí okun náà sì ń jáde lójijì, ni aṣòdì-ilé fi ń sá fún un.

Ẹ wá wo àwọn eléré ìje àti àwọn afòjìnnà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá ọgọ́rùn-ún mítà oní-igi fífò ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, lóṣù keje ọdún 2022. Kò sí obìnrin kankan tó sá a bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Chioma Ajunwa fo mítà 7.12 ní Atlanta lọ́dún 1996, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì. Agbábọ́ọ̀lù ni Ajunwa kó tó di afòjìnnà. Ẹsẹ̀ tó yára lórí pápá náà ló gbé e fò. Ohun tí irú àwọn èèyàn yìí ń fẹ́ ni lílósòó dìde pẹ̀lú irin tó wúwo lórí èjìká, níwọ̀n ìgbà díẹ̀, àti fífò lóríṣiríṣi: fífò sórí àpótí, fífò lẹ́sẹ̀ kan, fífò tẹ̀ léra wọn. Àwọn ọmọ basikẹ́ẹ̀tì náà wà níbí. Ìlọrin sì ni Kwara Falcons ti lọ ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje BAL ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2023. Ẹni tó fẹ́ fò dé agbọ̀n nílò ohun tí afòjìnnà nílò, ó sì tún nílò kí orúnkún rẹ̀ mọ bó ṣe ń gba ara padà sílẹ̀ láìfara pa.

Ní ti ìjàkadì, ọmọ Yorùbá kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun pé eré gidi ni. Odunayo Adekuoroye gba góòlù Kọmọnwẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2014, 2018 àti 2022. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́nà méjì ni ìjà kan, nítorí náà kì í ṣe agbára òjijì nìkan ló ń bá wọn jẹun. Wọ́n nílò ọwọ́ tó lè di nǹkan mú pẹ́, ọrùn tó le, àti ẹ̀yìn tó lè fa èèyàn kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n máa gun okùn, kí wọ́n máa gbé àpò iyanrìn mọ́ra, ó dára fún wọn ju kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ.

Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé apá ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá, àmọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò gba ìbàdí kọjá, yóò yípo ní ikùn, kó tó dé èjìká àti ìkúùkù. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, kò ní ìdí láti bẹ̀rù kí ara òun wúwo sí i torí ẹ̀ka àwọn tó tóbi jù ló wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jà ní ẹ̀ka 60kg, bí jíìmù yín bá mú un wú dé 66kg, ẹ ti bá ayé rẹ̀ jẹ́. Ohun tó nílò ni kí okun rẹ̀ pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Irin gbígbé fúnra rẹ̀ náà jẹ́ eré tó dá dúró. Ní ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tó wáyé ní Birmingham lọ́dún 2022, Adijat Olarinoye gba góòlù ní ẹ̀ka 55kg: ó gbé 92kg lọ́nà àkọ́kọ́, ó sì gbé 111kg lọ́nà kejì. Ẹ bá mi ro ó: obìnrin tí kò wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lọ, tó gbé ohun tó ju àpò méjì lọ sókè orí rẹ̀. Rafiatu Lawal náà gba góòlù ní ẹ̀ka 59kg. Ní Paris lọ́dún 2024, Folashade Oluwafemiayo ti 167kg sókè látàyà ní ìdíje Paralympics, ó sì fi gba góòlù. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta àti díẹ̀ nìyẹn. Jíìmù mélòó ní Ṣàngó ni aláàbọ̀ ara lè wọ̀ láìsí pé wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn? Ọjà tí ẹnikẹ́ni kò ná nìyẹn o.

Ẹfun lára ògiri

Ìbéèrè tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ bi mí ni pé: báwo ni mo ṣe máa fi han oníbàárà pé owó rẹ̀ kò wọgbó? Ìdáhùn rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹ mú ẹfun. Kí ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó na ọwọ́ sókè, kí ẹ sàmì síbi tí ìka rẹ̀ dé. Kó wá fi ẹfun kun ìka, kó fò sókè bó ṣe lè fò tó, kó fi ìka kan ògiri. Ẹ fi téèpù wọn àárín àmì méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ti ń lo ọ̀nà yìí láti mọ agbára òjijì ẹsẹ̀ èèyàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún un, ọmọ náà á rí i, kóòṣì rẹ̀ á rí i, bàbá rẹ̀ tó ń sanwó á rí i.

Bákan náà ni kí ẹ fi wọ́ọ̀ṣì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi sá ọgbọ̀n mítà. Kí ẹ kọ iye kílò tó fi lósòó dìde. Ìwé kékeré kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti tó. Ìwé yẹn ló máa mú kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, torí ó fẹ́ mọ iye tó máa kún un. Ọjà tí a lè wọ̀n ló rọrùn láti tà. Ẹni tó ń ta gàárì kò lè máa fojú bù ú kó ní kí oníbàárà gba òun gbọ́. Kóńgò ló máa fi wọ̀n ọ́n.

Kò dìgbà tí a bá kó ẹ̀rọ láti òkè òkun

Owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó yẹ kó lọ sórí ẹ̀rọ ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ níbì kan ṣoṣo wọ́n, ó sì ń jẹ iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba ti sọ owó iná àwọn oníbàárà Band A di nǹkan bí igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà (N225) lórí kílówáàtì-wákàtí kan látorí N68, gbogbo oníṣòwò ló mọ ohun tí iná ń fi ojú wa rí. Irin kò mu iná. Àpò iyanrìn kò mu epo bẹntiróòlù. Òwò tí ẹ lè ṣe nínú òkùnkùn NEPA láìtan jẹnẹrétọ̀ lòwò tó yẹ ká kà sí ìbùkún.

Ẹ wò ó bí owó náà ṣe lè yí láàárín wa. Wẹ́dà lè ṣe ọ̀pá irin àti ibi tí wọ́n á máa gbé e kọ́, kí irin má baà já lu èèyàn. Bíríkìlà lè da kọnkéré sínú ike kí ó di òṣùwọ̀n. Káfíńtà lè kan àpótí fífò oríṣi mẹ́ta. Fọganáísà ní táyà tírélà tí kò wúlò mọ́, òun ni a máa ń yí, òun náà ni a máa ń fi okùn fà. Télọ̀ lè fi aṣọ tó nípọn rán àpò iyanrìn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ gbé gbogbo òṣùwọ̀n sórí ìwọ̀n tó péye, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ iye kílò rẹ̀ sára rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ń lò níbi ìdíje gidi, 20kg ni ti ọkùnrin, 15kg ni ti obìnrin. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fi irin jákujàku ṣe ibi ìgbékọ́. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ náà ń kọ́? Iṣan kì í dàgbà lójú irin, ojú oorun àti oúnjẹ ló ti ń dàgbà. Ìwádìí fi hàn pé ẹni tó ń gbé irin nílò nǹkan bí gíráàmù 1.6 èròjà amáradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wúwo lójúmọ́. Ẹni tó jẹ́ 70kg nílò bí gíráàmù 112 nìyẹn. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ẹ̀wà, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wọ Ìlọrin lárààárọ̀, gbogbo wọn ló ní in. Mi ò rí ìdí tí ọmọ Ṣàngó fi máa ra ìyẹ̀fun òyìnbó lówó gọbọi nígbà tí oníwàrà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà jíìmù. Ẹni tó bá gbé tábìlì kan síta, tó ń ta ẹ̀wà àti ẹyin bíbọ̀ fún àwọn tó ń jáde, kò ní í tètè gbé ọjà rẹ̀ padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní apá ńlá ni àwọn ọmọ Ṣàngó ń fẹ́, òun ni wọ́n ń sanwó lé, kí ni kí àwọn fi eléré ìdárayá ṣe. N kò ní kí ẹ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣírò rẹ̀, kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ sí i. Ká ní oníbàárà kan ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù, tó sì wá fún oṣù méjì kó tó dẹ́kun. N20,000 nìyẹn. Ká wá ní ilé-ìwé kan ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó jẹ́ ọmọ ogún, tí òbí kọ̀ọ̀kan sì ń san N3,000 péré lóṣù, fún ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. N60,000 ni lóṣù kan. Ní sáà ìwé kan tó jẹ́ oṣù mẹ́ta, N180,000 ni. Oníbàárà mẹ́sàn-án irú ti àkọ́kọ́ ló máa pa irú owó bẹ́ẹ̀. Àkókò tí àwọn ọmọ náà sì máa wá, ní kété tí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, ni jíìmù máa ń ṣófo jù. Ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo náà ń san háyà.

Ẹ ronú sí sáà tí àwọn ilé-ìwé máa ń ṣe ìdíje eré ìdárayá àárín ilé sí ilé. Kò sí ilé-ìwé tí kò ní í fẹ́ kí ọmọ tòun sáré ju ti ìdàkejì lọ. Kí onílé-jíìmù wọ aṣọ tó mọ́, kó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, kó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà tó wọlé.

Àwọn òbí kan á ní irin kò ní í jẹ́ kí ọmọ àwọn ga. Àwọn dókítà ọmọdé ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì rí òótọ́ nínú rẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nídìí ọmọ náà, tí kò sì gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lósòó, bí wọ́n ṣe ń fò, àti bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn nìkan ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù, kí irin tó dé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ ti wọlé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé-jíìmù kò kàwé lórí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìdárayá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ń wáṣẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá ń san owó oṣù gọbọi. Ẹ lè jọ pín owó tó bá wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́. Onílé-jíìmù ní irin, ọmọwé ní ìmọ̀, ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí.

Òwò kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

N kò ní í parí ọ̀rọ̀ yìí láì mẹ́nu ba àwọn tó ń ta oògùn tó ń mú iṣan wú lábẹ́ káńtà. Èrè rẹ̀ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ba nǹkan ọmọkùnrin jẹ́. Fún eléré ìdárayá, ó tún ń pa orúkọ. Blessing Okagbare tó gba àmì ẹ̀yẹ fún wa ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, wọ́n fòfin dè é fún ọdún 10 lóṣù kejì ọdún 2022 lórí ọ̀rọ̀ oògùn, wọ́n sì tún fi ọdún 1 kún un nínú oṣù kẹfà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan ní Ṣàngó, tí wọ́n bi í pé níbo ló ti rí i, orúkọ jíìmù yín ló máa dá. Òwò tó lè pa oníbàárà kì í ṣe òwò. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé a kì í tà á níbí. Àwọn òbí á kà á, ọkàn wọn á sì balẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn onílé-jíìmù láti ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹ bi gbogbo oníbàárà tó bá wọlé pé eré wo lò ń ṣe, kí lo sì fẹ́ kó sunwọ̀n sí i nínú rẹ̀. Kí ẹ ra ẹfun, téèpù àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí ẹ lọ bá kóòṣì ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó sún mọ́ yín, kí ẹ gbà á láyè láti mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tó kù náà, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ẹni tó ń ta ọjà kan náà fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọn oníbàárà rẹ̀ dáadáa ló máa gba ọjà náà mọ́ ọn lọ́wọ́.